Ọwọ́ àti Ọghọ́: Èwo Ni Ẹ̀gbọ́n?

A tún dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ wa gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kí a tó bá ẹnikẹ́ni wí, ara wa ni a ó kọ́kọ́ bá wí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìpàdé wa tí ó kọjá ní Peckham níbí kò ní tíì gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó ìdáwó fún ayẹyẹ ìparí ọdún wà nílẹ̀, àríyànjiyàn ti pọ̀, ó sì ku kí a dìbò. Arákùnrin wa kan, ọmọ Ọ̀wọ̀, tí kò tíì pẹ́ tí ó ti ilé dé, dìde, ó kí àwọn àgbà, ó ní kí ẹni tí ó bá fara mọ́ àbá náà na ọwọ́ sókè. Ṣùgbọ́n kò pè é ní "ọwọ́". "Ọghọ́" ni ó pè é. Kíá ni ẹ̀rín bo gbogbo ilé. Ẹnì kan ń sín in jẹ, ẹlòmíràn ní kí wọ́n wá ògbufọ̀ wá, ẹnì kan tilẹ̀ ní èdè ará oko ni. Arákùnrin wa rẹ́rìn-ín músẹ́, ó jókòó. Nígbà tí ó tún máa sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ó sọ. Títí tí a fi túká, Yorùbá kò tún jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Àwa tí a ń kọ ojú ìwé yìí wà níbẹ̀, a sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a délé ni ọ̀rọ̀ náà wá ń dùn wá. Ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ kí Yorùbá má baà parẹ́ lẹ́nu wa ní ìlú òyìnbó, òun náà ni ó lé ọmọ Yorùbá wọ inú Gẹ̀ẹ́sì! Nítorí náà ni a ṣe lọ wo ìwé, kí a lè mọ̀ bóyá ẹ̀rín tí a rín tọ́ tàbí kò tọ́. Ohun tí a bá níbẹ̀ ni a fẹ́ fi tó yín létí.

Ẹ jẹ́ kí a ti ọ̀nà jíjìn wọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó bá ń ka Bíbélì Yorùbá mọ Ùráyà ará Hítì, ọkọ Bátíṣébà, ó sì mọ Éfúrónì ará Hítì, ẹni tí Ábúráhámù ra ilẹ̀ ìsìnkú lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ yìí ni àwọn ọ̀mọ̀wé fún ìjọba ńlá kan tí ó ti wà rí ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tọ́kì lónìí. Hattusa ni olú ìlú wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1180 ṣáájú ìbí Kristi, ìlú náà dahoro. Lẹ́yìn náà, èdè wọn kú. Fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún, kò sí ẹ̀dá alààyè tí ó gbọ́ ọ mọ́. Ní 1906 ni àwọn awalẹ̀pìtàn bẹ̀rẹ̀ sí í hú wàláà amọ̀ wọn jáde ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ní 1915, ọ̀mọ̀wé kan tí í ṣe ọmọ Czech, Bedřich Hrozný, kéde pé òun ti mọ ìdílé tí èdè náà ti wá. "Wātar" ni wọ́n ń pe omi. Ẹ kò rí i bí ó ti jọ ohun tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń pè é títí di òní? Ìbátan Gẹ̀ẹ́sì, Látìn àti Gíríìkì ni èdè àwọn ará Hítì.

Ibi tí ó dùn jù nìyí. Ní ìparí ọdún 1878, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ará Switzerland, Ferdinand de Saussure, ọmọ ọdún 21, akẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ àjèjì bí tiwa, tẹ ìwé kan jáde ní Leipzig ní ilẹ̀ Jámánì. Ó ti yẹ fáwẹ̀lì àwọn èdè ìdílé yìí wò fínnífínní. Ó ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yí padà fi hàn pé àwọn ìró kan ti wà nínú ìyá èdè wọn tí ó ti sọnù pátápátá. Ipa ẹsẹ̀ wọn nìkan ni ó ṣẹ́ kù sára fáwẹ̀lì. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà ọ̀mọ̀wé ìgbà náà kò ka ọ̀rọ̀ ọmọdé yìí sí. Ó kú ní 1913. Ní 1927, Jerzy Kuryłowicz, ọmọ ilẹ̀ Pólándì, fi hàn pé nínú èdè àwọn ará Hítì, ìró kan tí ó dà bí h líle wà ní àwọn ibi tí Saussure ti sọ pé ìró ti sọnù. Látìn ní "ante" fún iwájú; "ḫanti" ni ti àwọn ará Hítì. Ohun tí àwọn ọmọ ìyá yòókù ti gbàgbé, ọmọ kan tí a ti sin sínú ilẹ̀ ni ó tọ́jú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé. Ṣé àwa náà ń sọ ìró nù? Lójoojúmọ́ ni! "Òtítọ́" ń di "òótọ́", "egúngún" ń di "eégún", "kòríko" ń di "koóko", "Yorùbá" fúnra rẹ̀ ń di "Yoòbá" lẹ́nu àwa tí a ní a mọ̀ ọ́n sọ jù. Kọ́ńsónáǹtì ti jábọ́, ṣùgbọ́n fáwẹ̀lì tí ó gùn ṣẹ́ kù níbẹ̀ bí ojú àpá. Ká ní kò sí ẹni tí ń sọ "òtítọ́" mọ́ láyé, onílàákàyè ènìyàn yóò ṣì wo "òótọ́", yóò ní, "Nǹkan ti wà láàárín ibí yìí rí." Irú iṣẹ́ tí Saussure ṣe gan-an nìyẹn.

Ìró tí ó wà nínú "ọghọ́" ńkọ́? Ní 1967, Abíọ́dún Adétùgbọ̀ kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Columbia ní New York lórí àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá. Ó pín wọn sí ọ̀nà pàtàkì mẹ́ta: ti àríwá ìwọ̀-oòrùn, bí Ọ̀yọ́, Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá, ti àárín, bí Ifẹ̀, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, àti ti gúúsù ìlà-oòrùn, bí Oǹdó, Ọ̀wọ̀, Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ àti Ìjẹ̀bú. Ní 1978, Fẹ́mi Akínkúgbé fi ìwé oyè tirẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn gbé àwọn ẹ̀ka-èdè wa sí ẹ̀gbẹ́ Ìtsẹkírì àti Ìgalà, láti wádìí bí ìyá gbogbo wọn ti rí.

Ohun tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ fi yé wa ni pé èdè àwọn baba ńlá wa ní ìró méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: gh, tí ọ̀fun ń há díẹ̀ kí ó tó jáde, àti gw. Ní àríwá ìwọ̀-oòrùn, àwọn méjèèjì ti dà pọ̀, wọ́n ti di w kan ṣoṣo. Ní gúúsù ìlà-oòrùn, gh kò sọnù. A jẹ́ pé ẹni tí ó sọ pé "ọghọ́" kò ba "ọwọ́" jẹ́ rárá. "Ọwọ́" gan-an ni ó ti yí padà. Ọghọ́ ni ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ ni àbúrò. Kódà ìlú tí a ń pè ní Ọ̀wọ̀, Ọ̀ghọ̀ ni lẹ́nu àwọn tí wọ́n bí sí ibẹ̀. Àbúrò wa ni ó wá fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín ní gbangba, tí a sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ̀rí gw, kí ó bá wa dé Ìdá, ìlú ọba àwọn ará Ìgalà, ní ìlà-oòrùn Odò Ọya. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ti ń kà á níbẹ̀. Èjì wa, èjì ni. Ẹ̀ta wa, ẹ̀ta ni. Ẹ̀rin wa, ẹ̀lẹ̀ ni. Àrún wa, ẹ̀lú ni. Ẹ̀fà wa, ẹ̀fà ni. Ẹ̀jọ wa, ẹ̀jọ ni. Ẹ̀sán wa, ẹ̀lá ni. Nígbà tí ó bá wá kan ẹ̀wá, ẹ̀gwá ni wọ́n ń pè é. Gw tí ó ti di w lọ́dọ̀ wa, òun ni ó jókòó síbẹ̀ yẹn. Ẹ sì tún wò ó: ẹ̀rin, àrún àti ẹ̀sán, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a ń fi imú pè, kò sì sí ọ̀kan tí àwọn ará Ìgalà ń fi imú pè nínú wọn. Bí ìró èdè ti ń yí nìyẹn. Kì í mú ọ̀rọ̀ kan kí ó fi èkejì sílẹ̀. Bí ó bá ti wọ ilé, yóò kan gbogbo yàrá. Ibi tí ìyàtọ̀ bá ti tẹ̀lé òfin bẹ́ẹ̀ ni ọ̀mọ̀wé tó ń sọ pé ọmọ ìyá ni àwọn èdè méjì.

Òwe tiwa ni pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀ka-èdè yìí: ohun tí ọ̀kan ní ni èkejì kò ní. Ẹ lọ sí Rye Lane lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ dúró níwájú ibi tí wọ́n ti ń ta iṣu àti èlùbọ́. Èmìnà, ẹyin ará Ìbàdàn yóò ní "èlùbọ́". Ìyá Ìjẹ̀ṣà tàbí Èkìtì tí ó bá fẹ́ rà yóò ní "ẹ̀lùbọ́". Ìyá náà ní ìdí. Fáwẹ̀lì mẹ́sàn-án ni ẹ̀ka-èdè àárín gbùngbùn ní, méje péré ni ó ṣẹ́ kù sọ́dọ̀ Ọ̀yọ́. Irú i méjì àti u méjì ni ó wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú u méjèèjì ni ó bá ẹ àti ọ rìn. U yìí ni ó wà nínú ẹ̀lùbọ́, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ṣíwájú rẹ̀ tí ọ sì tẹ̀lé e, bí ẹbí tí ó wọ aṣọ kan náà. Nígbà tí Ọ̀yọ́ pàdánù u yìí, àǹkóò náà dàrú, ẹ iwájú sì di e. Bákan náà ni "orúkọ" àti "ọrúkọ", "odídẹ" àti "ọdídẹ". Ìyá tí a rò pé kò mọ ọ̀rọ̀ pè ni ó ń tọ́jú òfin tí àwa ti gbàgbé.

"Ulé" ńkọ́, tí àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Oǹdó ń pe ilé? Ẹ mọ̀ pé nínú Yorùbá tí a ń kọ sínú ìwé, kò sí ọ̀rọ̀-orúkọ tiwa tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú u. A rò pé àwọn ni wọ́n fi u sí i. Ṣùgbọ́n "unyí" ni ilé ń jẹ́ ní Ìgalà. Ìgalà kò bá Èkìtì pààlà, kò sì bá Oǹdó pààlà. Bí ọmọ méjì tí ń gbé ọ̀nà jíjìn síra wọn bá ní irú imú kan náà, ọ̀dọ̀ ìyá wọn ni a ó lọ wá imú náà sí. Àwa tí a ní i ni a yí padà.

Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn, ẹ má bínú. A mọ̀ pé ẹ̀ ń pe ṣ ní s, a kò sì tíì fi yín rẹ́rìn-ín lónìí. Ẹ̀yin náà ní ogún tiyín lọ́wọ́. Ẹ ya "ẹ̀yin" sọ́tọ̀ kúrò lára "àwọn", nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka-èdè gúúsù ìlà-oòrùn ti sọ méjèèjì di ọ̀kan. "Ẹ̀rin" dúró lẹ́nu yín, nígbà tí ó ti di "ẹ̀rẹn" lọ́dọ̀ wọn. Kò sí ẹni tí baba fi gbogbo ẹrù lé lọ́wọ́. Ìdí igi ni wọ́n ti pín ogún yìí: ẹnì kan gba gh, ẹnì kan gba fáwẹ̀lì mẹ́sàn-án, ẹnì kan gba àwọn arọ́pò-orúkọ. Ẹni tí ó bá sọ tirẹ̀ nù, gbogbo ẹbí ni ó sọ ọ́ nù.

Ẹ óò bi wá pé, níbo wá ni ìyá èdè náà ti wá? A mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa kì í gbà bí a kò bá ní Íjíbítì. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, a tẹ̀ ẹ́ ní 1921. Ó gbé ìtàn àtẹnudẹ́nu kalẹ̀ pé láti ìlà-oòrùn, ní ìhà Mẹ́kà, ni a ti wá. Olumide Lucas, nínú ìwé rẹ̀ ti 1948, to àwọn ọ̀rọ̀ tí ó jọra jọ láti so wá mọ́ Íjíbítì àtijọ́. A bọlá fún àwọn àgbà wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ jíjọra nìkan ni, "búrẹ́dì" àti "bọ́ọ̀sì" ìbá ti sọ wá di ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, "àlàáfíà" àti "wàhálà" ìbá sì ti sọ wá di Lárúbáwá. Ọ̀rọ̀ ọjà a máa bá oníṣòwò rìn. Iye, ẹ̀yà ara àti ọ̀rọ̀ inú ilé ni ó ń sọ ìdílé. Ẹ fi ẹ̀ta wa wé àtọ́ àwọn Ìgbò, ìtá àwọn Efik àti tatu àwọn Swahili, ẹ óò mọ ibi tí ẹbí wa wà. Ní 1963, Joseph Greenberg ṣì kó wa mọ́ àwọn tí ó pè ní Kwa. Láti ìgbà tí Bennett àti Sterk ti kọ̀wé ní 1977 ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ti ń kó wa sínú ìdílé Benue-Congo. Ìgalà ni ó sún mọ́ wa pẹ́kípẹ́kí, lẹ́yìn Ìtsẹkírì. Ìtàn ìdílé ọba lè ti ibòmíràn wá. Ìdílé èdè wa wà ní àyíká Odò Ọya àti Bénúè. Kò sì sí ìtìjú nínú èyí. Ta ni ó sọ pé ilé ẹni kò tó ibi tí à ń ti wá?

Nígbà náà, kí ló dé tí ohùn Ọ̀yọ́ fi wá di èyí tí gbogbo wa ń kọ? Lọ́ńdọ̀nù níbí mọ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ Òṣogùn ni Samuel Ajayi Crowther. Ní 1843 tí wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní ìlú yìí, ni a tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tirẹ̀ jáde níbí. Ohùn ilé rẹ̀ ni ó fi bẹ̀rẹ̀, Bíbélì àti ìwé ilé-ẹ̀kọ́ sì tẹ̀ lé e. Ní 1854, níbí náà ni a tẹ ìwé Sigismund Koelle, ẹni tí ó jókòó ní Freetown tí ó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tí a dá sílẹ̀ lóko ẹrú. Òun ti kọ ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀, Oǹdó, Yàgbà àti Ìtsẹkírì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì fi Ìgalà sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Yorùbá àjùmọ̀lò dára, òun ni a fi ń kọ ojú ìwé yìí. Aṣọ àgbádá ni, tí a ń wọ̀ lọ síta. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí pé a ní àgbádá ni a ó ṣe jó aṣọ ilé níná.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni èyí. Ìró ń sọnù lójú wa ní Peckham yìí. Ọmọ tí a sọ ní Gbénga ń di "Benga" ní ilé-ìwé. Nígbà tí ó bá ṣe díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò ní lè pe gb mọ́. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ń di ọ̀kan náà lẹ́nu àwọn ọmọdé wa. Bí a bá fi ẹ̀rín pa gh lẹ́nu àgbà, tí ilé-ìwé sì pa gb lẹ́nu ọmọ, kí ni ó kù? Àwọn ará Hítì kò mọ̀ pé èdè wọn yóò kú. Amọ̀ ni ó gbà wọ́n sílẹ̀. Àwa kò ní wàláà amọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tí ó lè gba ohùn sílẹ̀ nínú àpò rẹ̀.

Nítorí náà, a gbé àbá mẹ́ta kalẹ̀. Èkíní, kí ẹgbẹ́ bẹ arákùnrin wa ọmọ Ọ̀wọ̀; àwa ni a ó kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́. Èkejì, kí olúkúlùkù pe ilé kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé, kí ó ní kí ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà pe ọ̀rọ̀ wọ̀nyí bí wọ́n ti ń pè wọ́n lábúlé: ọwọ́, ilé, omi, iṣu, orúkọ, ewúrẹ́, èlùbọ́, kí wọ́n sì ka ení títí dé ẹ̀wá. Kí ó gba ohùn náà sílẹ̀, kí ó mú un wá. Ẹ̀kẹta, ẹni tí ó bá fi ohùn ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìpàdé wa láti ìsinsìnyí lọ, kí ó san owó ìtanràn sínú àpò ẹgbẹ́.

Bí ẹ bá fara mọ́ àbá wọ̀nyí, nígbà tí a bá pàdé, ẹ na ọghọ́ sókè.

Ire o.